Epo Tí Kò Gbẹ Lọ́wọ́

"Samuel, ìwọ lo pa mọ́tò ọkọ mi! Tún purọ́ kí n gbọ́!"

Ohùn Àtọ́kẹ́ la ọgbà mẹkáníìkì Bẹyẹrúnkà já. Àwọn tó ń lu páànù dá òòlù dúró.

"Ìyá Ìyábọ̀, mo fi Jésù búra..."

"Fi Jésù sílẹ̀! Oṣù mẹ́jọ lo ti ń wa takisí yìí fún mi. Kí lo dà sínú ẹ̀ tó fi kú sórí òkè Màpó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀?"

Ẹ̀rù ló ń pariwo, kì í ṣe ìbínú. Lọ́jọ́ àdúrà ogójì tí wọ́n ṣe fún Fàsásì, ọkọ rẹ̀ tó kú, ni Alhájì Màmúdù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pàṣẹ lójú gbogbo agboolé: bí mọ́tò yìí bá ṣì ń bọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, ọjọ́ tó bá dákẹ́, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹbí baba wọn. Àwọn àgbà ní àmín. Ta ló bi ẹni tó rọbí lórí wọn? Láti ọjọ́ náà, bí Píjò ògbólógbòó yẹn bá wúkọ́ láàárọ̀, àyà Àtọ́kẹ́ ló ń já.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, mẹkáníìkì, ti tú orí ẹ́ńjìnnì sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ó na fáfù kan, irin tó ń ṣí tó sì ń dé ihò inú ẹ́ńjìnnì, sí i. Etí irin náà ti jó, ó ti kán bí eyín arúgbó.

"Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ni, ìyàwó. Òjé tó wà nínú epo gidi ni tìmùtìmù tí fáfù rẹ̀ ń jókòó lé. Tẹ́ ọwọ́."

Ó bu epo nínú táǹkì, ó ta á sí i ní àtẹ́lẹwọ́. "Fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Àtọ́kẹ́ fẹ́ ẹ títí. Bẹntiróòlù gidi a máa tutù rìn-ìn, a sì ti fò lọ kí èèyàn tó ka ẹ̀wá. Èyí jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń dán bí ìpara.

"Kẹrosíìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì ní òjé," Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ní. "Kì í sì í ṣe ti òní. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mọ́tò yìí ti ń mu májèlé."

"Samuel, níbo lo ti ń ra epo?"

Samuel wolẹ̀. "Ibi tí ẹ ní kí n máa rà á náà ni, mà."

Àtọ́kẹ́ rántí. Nígbà tí epo wọ́n, tí àwọn awakọ̀ ń sùn sórí ìlà, Màmúdù ló ní ìyàwó àbúrò òun kò ní tò sórí ìlà epo láéláé. Ilé epo tòun wà ní Òkè-Àdó. Kí Samuel máa gba ẹ̀yìnkùlé wá, wọn yóò máa bu tirẹ̀ nínú àgbá ọ̀tọ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Àtọ́kẹ́ ń lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó tilẹ̀ ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àgbá náà gbẹ.

Láìwé gèlè, ó wọkọ̀ lọ sí Òkè-Àdó. Ẹnu ló fi wọlé.

"Alhájì! Ẹ jáde síta kí Ọlọ́run rí wa!"

Màmúdù yọ láti inú ọ́fíìsì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ìyàwó wa, kí ló dé? Ara ò le ni?"

"Ẹ fi kẹrosíìnì pa mọ́tò àbúrò yín!"

"Ẹ ẹ̀ rí i? Obìnrin àti mọ́tò." Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lórí ìlà. "Kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, ó wá ń wá ẹni tó máa kó o lé lórí. Ó ṣáà ti dákẹ́. Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ mi ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi! Ẹ pa mí ná!"

 Màmúdù kàn fi tẹ̀sùbáà tọ́ka sí ìdí ògiri.

Àtọ́kẹ́ yíjú. Àkíbù kékeré, àbúrò Ìyábọ̀, ti sùn lórí ẹrù aṣọ wọn. Ìyábọ̀ dúró tì í, ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, kéègì epo méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Màámi, kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti wá mú wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó wa lọ. Kí la ṣe fún yín?"