Ẹni Tó Fún Bomai Lóúnjẹ Kẹ́yìn

Àìsàn ọkàn ló pa Bomai, àgbà abúlé wa. Nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Lórí òkè wa níbí, ikú kì í ṣàdédé pa èèyàn. Ẹni tó fún òkú lóúnjẹ kẹ́yìn ni wọ́n máa ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi Dilu ló se ànàmọ́ fún un, ojú àánú ló kó bá a.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, fọ́tò Dilu ti wà lójú òpó àfonífojì wa lórí ayélujára. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àjẹ́ rèé. Ẹ lọ mú un." Siune, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń darí òpó yẹn láti Port Moresby, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Bí kò bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀, kì í jáde. Mo sáré gun orí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pè é.

"Bọ̀dá Siune, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò Dilu kúrò! Wọ́n máa pa á o!"

"Tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á ní mo ń gbè sẹ́yìn àjẹ́. Ṣebí o mọ àwọn èèyàn wa."

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà jẹ́ kó jáde!"

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Lọ fẹjọ́ sun àwọn òyìnbó tó ni ìkànnì náà."

Ojo burúkú.

Mo fẹjọ́ sùn. Kí n tó mí kanlẹ̀, èsì ti dé: àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò lòdì sí òfin àwọn. Tok Pisin, èdè tí gbogbo wa ń sọ, ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà. Ta ló gbọ́ Tok Pisin lọ́dọ̀ wọn? Ẹni tí kò gbédè wa ló ń dájọ́ wa.

Ìgbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti dáná sun Dilu. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ya fọ́tò ohun tó ṣẹ́kù, mo gbé e sójú òpó tèmi, mo dárúkọ àwọn mẹ́fà tó ṣe é. Èyí làwọn òyìnbó wá rí! Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n ní ó ń dẹ́rù bani, wọ́n sì dí mi lẹ́nu fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Siune pè lọ́jọ́ kejì. "Àbúrò mi, má bínú. Mo ti yọ ti Dilu."

"Bọ̀dá, ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, fọ́tò Kaina, ọmọ Dilu, jáde lójú òpó mìíràn tí Siune ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Wọ́n ní ọmọ máa ń jogún àjẹ́ ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé irọ́ ni, fóònù ní ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo di aṣọ ọmọ náà sínú báàgì, a gba ọ̀nà igbó.

Ní abúlé kẹta, obìnrin kan bu omi sínú ife fún wa. Kaina ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sẹ́nu ni. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo fóònù ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gba ife náà padà.