Pọ́ǹpù Bàbá Sípánà

Láti àárọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ ọmọ Bàbá Sípánà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ní kó mú un wá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló kọtí ikún sí i.

Obìnrin ogójì ọdún ni ọmọ yìí, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ dójú àmì. Ọdún kejì rèé tí bàbá rẹ̀ ti gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi gbé e. Orí àga ẹnu ọ̀nà ló ṣì ti ń pàṣẹ. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn yìí, bàbá ló rà á kó tó bí i. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ọmọ yìí fi kọ́ṣẹ́, bó bá sì bàjẹ́, wọn ò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ó ti wá so tọ́bò mọ́ ọn, kí ọkọ̀ àgbà lè máa sáré bí ọmọdé.

Pọ́ǹpù epo ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í sínú táǹkì, nígbà tí ọwọ́ náà ò tíì máa gbọ̀n.

"Pọ́ǹpù tó ń gbé wa kiri láti ọjọ́ yìí," ni bàbá wí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Àkísà yẹn gan-an la fẹ́ kó dànù, bàbá mi. Tọ́bò máa ń rọ́ atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì ni. Bí epo ò bá pọ̀ tó atẹ́gùn yẹn, ooru á yọ́ písítìnnì bí àbẹ́là. Ẹ́ńjìnnì yín àbí pọ́ǹpù yín, ẹ mú ọ̀kan."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó yọ pọ́ǹpù náà níṣojú rẹ̀, ó rì í sínú ike epo, ó so rọ́bà àti géèjì tó ń wọn agbára epo mọ́ ọn, ó fún ẹnu rọ́bà pọ̀ títí ọwọ́ géèjì fi dé ibi tí tọ́bò máa gbé e dé. Ó yẹ kí ìgò lítà méjì tó gbé sẹ́nu rọ́bà kún ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan pé, epo ò tíì dé ìdajì. Bàbá wo ìgò, ó wo aago, ó ní aago náà ò dáa. Àgbà kì í jẹ̀bi, aago ló ń jẹ̀bi.

Ni ọmọ bá fi pọ́ǹpù tuntun tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ síbẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn nọ́súlù tó ń fọ́n epo, ó fi èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sí i. Bàbá ń kùn, òun ń di bóòtù, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́.

Bàbá ti dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ rọ́bà tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì láàárín ìka méjì. Rọ́bà náà ti sán káàkiri. Ariwo pọ́ǹpù ni ọmọ rẹ̀ ń pa tó fi gbàgbé rẹ̀. Bàbá nawọ́ gba ojú fèrèsé, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò.

"Pọ́ǹpù tuntun, rọ́bà gbígbó. Epo á ta sórí tọ́bò gbígbóná, ìwọ àti ọkọ̀ á jọ jóná. O ò ní í tan ọkọ̀ yìí."

"Bàbá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Bàbá kọtí ikún sí i, ó padà sórí àga rẹ̀.

"Lọ gbé rọ́bà tuntun wá, ọ̀gá."

Láti ìgbà tó ti gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ gbé e wá.