Sinimá Oníṣẹ́jú Méjìlá

Begimai jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń so rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ etí aṣọ funfun tí yóò gba àwòrán. Okùn lásán kò dára. Bí afẹ́fẹ́ orí òkè bá fẹ́, okùn á fa aṣọ ya, ṣùgbọ́n rọ́bà á nà, á sì padà. Ọdún mẹ́rin ló ti ń gbé aṣọ náà ká àwọn abúlé, tó ń fi sinimá kéékèèké han àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lónìí, kókó ń tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárọ̀ ni Sagynbek, olówó tó ní agbo ẹṣin, ránṣẹ́ sí i pé bó bá fi sinimá oníṣẹ́jú méjìlá yẹn hàn, òun yóò dáná sun aṣọ funfun náà. Nínú sinimá náà, obìnrin kan dojú kọ ògiri, ó ń sọ bí wọ́n ṣe wọ́ òun sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ìborí ìyàwó bo òun lórí láìbi òun léèrè bóyá òun fẹ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ gbogbo abúlé ló máa mọ ohùn náà: ìyàwó Sagynbek ni, tó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ sí ìlú Bishkek.

“Apa, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò, kí n fi ti ẹṣin hàn dípò rẹ̀?” ló bi Toktobübü, ìyá tó dàgbà jù lábúlé, tí gbogbo wọn ń pè ní apa, ìyẹn ìyá, tó ti gbé àga rẹ̀ síwájú.

“Ṣé nítorí àwòrán ẹṣin ni mo ṣe gbé eegun mi dé ibí? Ẹṣin wà nílé mi.”

“Á sun ún o, apa.”

“Jẹ́ kó dé ná.”

Ilẹ̀ ṣú. Nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn jókòó sórí ẹní. Begimai ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ àwòrán nígbà tó gbọ́ pátákò ẹṣin. Sagynbek sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù lọ́wọ́ rẹ̀. 

“Pa nǹkan yẹn.”

“Ta ló sọ fún ọ pé a ti bẹ̀rẹ̀?” ni Toktobübü wí. “A ò tíì súre.”

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ọwọ́ ṣí tẹ̀ lé e, torí kò sí ẹni tó ń gbé ẹrù dání gba ìre àgbà. Sagynbek ti gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, tó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ náà, kó tó mọ ohun tó ṣe.

“Kí ohun tí a fẹ́ wò yìí parí ní àlàáfíà,” ni ìyá náà wí. “Kí ẹni tó bá wò ó dé òpin pẹ́ láyé. Kí ẹni tó bá dá a dúró má rí àgbà tí yóò súre fún ọmọ rẹ̀.”

“Omin,” ni gbogbo wọn dáhùn, ìyẹn àmín, wọ́n sì fọwọ́ nu ojú. Sagynbek náà wí i.

“Ó dáa. Wá jókòó, Sagynbek, o ga jù, o dí mi lójú.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Sagynbek jókòó. Ìyá arúgbó fi ẹsẹ̀ fa kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ àga rẹ̀.

Fún ìṣẹ́jú méjìlá, Begimai kò wo aṣọ. Ọwọ́ Sagynbek ló ń wò, òórùn epo ń fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí ohùn obìnrin náà jáde, ọwọ́ yẹn di ìkúùkù lórí orúnkún, kò sì ṣí mọ́ títí àwòrán fi parí. Ọkùnrin náà dìde láìwo ẹnikẹ́ni, ó fa ẹṣin rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn:

“Begimai, tún fi í hàn. Ọmọ mi obìnrin ń fọ abọ́ nílé, jẹ́ kí n lọ pè é.”

Àwọn mẹ́ta mìíràn dìde lọ pe tiwọn. Begimai dá sinimá náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.