Lẹ́tà Ìlà Mẹ́ta

Ìjọ náà kì í dìbò. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, wọn á sọ ọ́ títí gbogbo wọn á fi fẹnu kò. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun kò fara mọ́ ọn, wọn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe gbà kí obìnrin máa wàásù. Báyìí náà ni wọ́n ṣe fún Aránṣọ ní yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n. Àwọn ìjọ yòókù ń pè wọ́n ní Ìjọ Ẹ-Jẹ́-Ká-Sọ-Ọ́. Wọn kò bínú sí i.

Lọ́jọ́bọ̀, Aránṣọ mú ìwé kan wá fún Akọ̀wé ìjọ, ìyá àgbà tó wà lára ìgbìmọ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló kọ ọ́. Ọmọbìnrin Aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Wọ́n ṣe tán láti dá a padà bí ìjọ bá jẹ́rìí pé ìyá rẹ̀ ní ibùgbé. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dé, ọmọ náà á lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ mìíràn ní ìlú tó jìnnà.

Ọgbọ̀n ọdún ni Akọ̀wé fi tẹ̀wé nílé ẹjọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó tẹ ìlà mẹ́ta: orúkọ obìnrin náà, yàrá tó ń gbé, iye oṣù tó ti lò níbẹ̀. Láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé e síwájú àwọn mẹ́rin yòókù nínú ìgbìmọ̀.

Pásítọ̀ kà á, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó dáa. Àmọ́ ó gbẹ."

"Lẹ́tà ni, Pásítọ̀, kì í ṣe ọbẹ̀."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti mú bírò. "Ṣé a máa kọ̀wé sí ìjọba ká má sọ bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe rí? Irú àyè yìí kì í yọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ ńkọ́?" Tíṣà béèrè. "Ẹ kọ ìyẹn náà sí i."

Káfíńtà, tó dàgbà jù nínú wọn, ní ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago kan, lẹ́tà ti di ojú ìwé mẹ́rin. Tíṣà kò fara mọ́ ojú ìwé kejì, wọ́n dákẹ́. Lọ́yà kò fara mọ́ àtúnṣe Tíṣà. Wọ́n tún dákẹ́.

Láago méjì ààbọ̀, Aránṣọ wọlé. Abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ dákun, ṣé yàrá ẹ̀yìn yẹn ni mò ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," Pásítọ̀ dáhùn.

"Ta ni kò fara mọ́ ọn?"

Lọ́yà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Torí tìẹ náà la ṣe jókòó látàárọ̀," Lọ́yà ní. "Fún wa ní wákàtí kan sí i."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò lè sùn sínú ojú ìwé mẹ́rin."

Tíṣà ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Wọ́n dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, Akọ̀wé fa ìlà mẹ́ta rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ sí i, ó ṣí páàdì yíǹkì, ó sì lu òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ọn.

"Màmá, a kò tíì fẹnu kò!" Tíṣà pariwo.

"Mo mọ̀."

"Òfin ìjọ wa ni!"

"Èmi ni mo tẹ òfin náà sínú ìwé. Mo mọ ibi tí mo ti rú u." Ó kọjú sí Aránṣọ. "Gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀, ká lọ."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tó gba lẹ́tà náà wà lórí ìdúró, ó kà á tán kí Aránṣọ tó rí àga jókòó, ó sì fi í sínú fáìlì. Ó ní wọ́n á mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ kejì. Kò béèrè ohunkóhun nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé. Káfíńtà ló sọ̀rọ̀. "Òfin yẹn ni kò jẹ́ kí alágbára yàn wá jẹ. Lónìí, torí ọmọ ni. Lọ́la ńkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ, bàbá," Akọ̀wé dáhùn. "Ọmọ náà ń bọ̀ lónìí, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé òǹtẹ̀ àti páàdì sórí tábìlì, ó tì wọ́n síwájú Tíṣà pé kó máa tọ́jú wọn. Gbogbo wọn fara mọ́ ọn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ ọ́fíìsì já ọmọ náà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó wo yàrá náà yí ká: bẹ́ẹ̀dì, máṣíìnì ìránṣọ, fèrèsé kan.

"Ṣé wọ́n á tún wá mú mi lọ́la?"

"Rárá," ìyá rẹ̀ ní. "Bọ́ bàtà rẹ."