Agolo Mẹ́rin Lábẹ́ Igi Ẹmi

"Má mu ún!"

Àmọ̀kẹ́ ti gbá ife náà dànù kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó gbé e kan ẹnu. Omi tú sára oyún oṣù méje.

"Ìyá, kí ló dé? Omi ìsun tí à ń mu lójoojúmọ́ ni."

"Àwọn àkèré kú sínú rẹ̀, Mojọlá."

"Háà! Mo ti mu ife méjì láàárọ̀."

Àmọ̀kẹ́ mọ ohun tó pa àwọn àkèré náà. Agolo oògùn kòkòrò mẹ́rin ni ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀, èyí tó fi ń fín òwú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wolé-wolé kéde yí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ká pé ìjọba ti fòfin de oògùn náà. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ yóò san ogún náírà, owó ńlá láyé ìgbà náà. Níbo ni opó ti fẹ́ rí ogún náírà? Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ẹmi kan lókè ìsun, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni kò rí òun. Agolo tó ti dípẹtà ni. Òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ lánàá. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó sáré dé ìsun. Olúsọjí wolé-wolé ti wà níbẹ̀, àwọn obìnrin yí i ká.

"Ṣebí tanwíjí lẹ máa ń wá nínú ìkòkò wa?" Àwáwù, ọ̀kan nínú wọn, ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ó yá, ẹ wá a níbí náà!"

Àmọ̀kẹ́ fẹ́ gba Àdúrà Olúwa sínú. Ó dé ibi ìdáríjì, ó sì dá a dúró.

"Èmi ni," ó wí. "Agolo mẹ́rin, lábẹ́ igi ẹmi yẹn. Aboyún ilé mi ti mu nínú omi yìí. Ẹ dákun, kí ni ká fún un?"

"Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù Ṣakí kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni má bu omi yìí mọ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Oògùn yẹn kì í tètè kúrò nílẹ̀, Ìyá. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí náà lè dàgbà bá a níbẹ̀."

Olúsọjí fa ìwé owó ìtanràn yọ. Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu Àwáwù.

"Mẹ́ta tèmi wà lẹ́yìn àpáta yẹn," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyàwó Ràmọ́nì na ọwọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko. Ẹlòmíràn náà na tirẹ̀. Bírò Olúsọjí dúró lókè ìwé, kò kọ nǹkan kan. Gbogbo ibi tí wọ́n ń nawọ́ sí ló dagẹ̀rẹ̀ wá sí ìsun.

Àmọ̀kẹ́ ti rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ogún náírà náà bà.