Òpópónà Kẹta sí Ilé Ìlera

Ojo ènìyàn ni mí. Ẹni tó bá fi ìyẹn bú mi, mo gbà fún un. Ìbẹ̀rù ló gbé èmi àti ọkọ mi dé inú ẹsítéètì tí à ń gbé yìí. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kí n tó fojú kàn án, mo sì sọ fún un pé mi ò lè máa dá gbé nínú ilé tí ẹni tó bá wù ú lè wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi wá síbi tí ògiri yí ká, tí géètì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sínú ìwé.

Irinwó ilé ló wà níbẹ̀, bákan náà sì ni gbogbo wọn rí. Ọ̀dà kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, igi kékeré kan níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Àga àti bẹ́ẹ̀dì pàápàá, àwọn tó kọ́lé ló kó wọn sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Obìnrin kan gbé ìkòkò òdòdó pupa síwájú ilé rẹ̀, lẹ́tà méjì ló gbà láti ọ́fíìsì ẹsítéètì kó tó gbé e kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti rẹ ọkọ mi tẹnutẹnu, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, ó sì bá ìyàwó oníyàwó níbi tó ti ń jẹun. Ilé ẹlòmíì ló wọ̀, kọ́kọ́rọ́ wa ló sì fi ṣí i. A fi ẹjọ́ sun ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ àwọn àgádágodo. A ṣì ń retí wọn. Àwọn ará ibí fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí, àmọ́ èmi kì í lè rẹ́rìn-ín sí i dáadáa.

Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, tí mo ní láti padà sílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, ìyá mi ní àwọn máa wá bá mi gbé ọmọ. Ọmọ mi obìnrin kò ju oṣù márùn-ún lọ. Ahunṣọ ni ìyá mi, wọn ò kàwé rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi òǹkà dán wọn wò. Wọ́n lè ka òwú ẹgbẹ̀rún kan lórí òfì kí wọ́n má fo ẹyọ kan. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n máa retí àwọn ní ọjọ́ kẹta. Mo ka Ìṣẹ́gun, mo ka Ọjọ́rú, mo ka Ọjọ́bọ̀. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́rú, wọ́n sì jókòó lórí ẹrù wọn ní ibùdókọ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́. Mo sáré dé ibẹ̀, mò ń bẹ̀bẹ̀, mo ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹta sí Ajé.

Wọ́n wo èmi olùkọ́ ìṣirò láti òkè délẹ̀. "Òní náà kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, òwú tó wà lọ́wọ́ wọn ni òwú kìíní. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ẹrù, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí mi ò gbàgbé ni ìkìlọ̀. Láràárọ̀ kí n tó jáde ni mo máa ń kà á sí wọn létí bí àdúrà: kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíì nínú ilé, kí wọ́n gbé ọmọ sá wọ ilé ìwẹ̀, kí wọ́n ti ara wọn mọ́bẹ̀, kí wọ́n má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo tún fi kún un pé àwọn olè ayé ìsinsìnyí gbọ́n, pé bí ẹni náà bá tilẹ̀ fi ohùn tèmi pè wọ́n, kí wọ́n má dáhùn, torí pé èmi ní kọ́kọ́rọ́, mi ò ní dúró máa pariwo. Ìyá mi bi mí pé ṣé ogun ló wà níbi tí mo wá gbé ni. Àmọ́ wọ́n gbà.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé ni ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí fín oògùn ikán káàkiri, òpópónà kan lójúmọ́. Tiwa ni wọ́n fín ní Ọjọ́ Ajé. A kó aṣọ àti ìkòkò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ọ̀rá funfun bo àga àti tábìlì, a sì wà níta títí èéfín fi tán. Wọ́n ní ká fi ọ̀rá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ máa fi parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti òpópónà tó ṣáájú tiwa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni ọmọ mi máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo sin ìyá mi dé ilé ìlera tó wà nítòsí géètì kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Wọn ò tíì dá rin ibẹ̀ rí, wọn ò sì lè ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri, nítorí náà mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo nàka sí títì ńlá. Mo ní, "Ẹ ka òpópónà mẹ́ta láti ibí, kí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé karùn-ún ni tiwa." Wọ́n tún un sọ fún mi láìṣì. Mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kejì, mo sì lọ.

Aago méjì kù díẹ̀ ni mo padà délé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo ṣí i, mo pè, ilé pa lọ́lọ́. Fóònù ìyá mi wà lẹ́nu wáyà iná níbi tí wọ́n fi í sí láàárọ̀. Ike tí ọmọ fi ń wẹ̀ ti gbẹ. Mo wo yàrá, mo wo ilé ìwẹ̀, mo tún padà wo yàrá, bí ẹni pé ènìyàn méjì lè fara pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo sáré lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ti lọ, pé ọmọ ti sùn lẹ́yìn wọn. Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́. Ó fi ìka tọ ìwé rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní kò sí ìyá àgbà kankan tó gbé ọmọ jáde. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n wà nínú ibí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tù mí nínú gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Inú ibí wo? Irinwó ilé tó jọra bí ẹyin!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀kùn lójú òpópónà tiwa. Mo rí kọ́tìnnì tó mì, mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n yára pa, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe sí wọn nìyẹn. Mò ń sunkún, mò ń rìn, mò ń rò ó pé ẹnìkan ti gbé wọn, pé ọkọ mi máa bi mí pé ọmọ òun dà, kí ni mo fẹ́ wí.

Ọkùnrin kan tó ń gé koríko lẹ́bàá títì ńlá ló pa ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó rí ojú mi. Mo bi í bóyá ó rí ìyá àgbà tó pọn ọmọ. Ó ní òun rí wọn, pé àwọn tiẹ̀ kí ara àwọn. Ó ní ìyá náà ń dá sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ìka ka nǹkan.

"Ibo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà?"

"Iwájú ilé ìlera níbẹ̀ yẹn. Wọ́n nàka sí òpópónà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, 'Ọ̀kan.'"

Òpópónà tí ilé ìlera wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ò kà á rárá. Ibẹ̀ la dúró sí, báwo ni mo ṣe máa kà á? Ìyá mi kà á. Ibi tí wọ́n dúró sí ni ọ̀kan, nítorí náà òpópónà tó ṣáájú tiwa ni wọ́n yà sí. Wọ́n ka ilé márùn-ún, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Wọ́n bá àga wọn lábẹ́ ọ̀rá funfun bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀.

Òpópónà tí wọ́n ń fín oògùn sí lọ́wọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Bàtà mi kan ti bọ́ sọ́nà. Òpópónà náà dá páropáro, wọ́n ti ní kí gbogbo ará ibẹ̀ jáde láti àárọ̀. Èéfín funfun ń yọ lábẹ́ òrùlé àwọn ilé àkọ́kọ́. Ọ̀gá àwọn olóògùn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú lọ́rùn, ó na ọwọ́ dá mi dúró. Mo ní ìyá mi àti ọmọ mi wà nínú ilé karùn-ún. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun fúnra òun tẹ aago, òun kanlẹ̀kùn, òun wọlé, òun pariwo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, òun sì pè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òun tan oògùn, òun tilẹ̀kùn, kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Mo rẹ ìborí mi sínú kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀, mo fi di imú, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi ṣí ilé onílé. Èéfín náà bò mí lójú bí ata. Mo gba àárín àwọn àga kọjá tààrà, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láìrí wọn. Yàrá ṣófo. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wà ní títì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lù ú, mo pè wọ́n ní Màámi, mo ní èmi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Aṣọ wà lẹ́nu mi, èéfín wà lọ́fun mi, ohùn tó ń jáde kò jọ tèmi rárá. Kò sí ìró kankan nínú ibẹ̀. Ẹkún ọmọ pàápàá, mi ò gbọ́. Ìbẹ̀rù tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, eré ni gbogbo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Ọ̀gá olóògùn ti wọlé tẹ̀lé mi. Ó di apá mi mú, ó ní ilẹ̀kùn yẹn máa ń há nínú àwọn ilé wọ̀nyí, pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, pé èmi náà máa kú. Ó ti ń fà mí lọ. Mo sì mọ̀ pé bí ìyá mi bá wà láàyè, wọn ò ní dáhùn. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá ohùn mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ sọ tí olè ò lè sọ?

Mo já ara mi gbà. Mo tú aṣọ kúrò lẹ́nu, mo fi ẹnu mi kan ara ilẹ̀kùn.

"Màámi, òní náà kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo dúró. Èéfín ń wọ ọ̀fun mi. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan jáde láti ìsàlẹ̀, láti ibi ilẹ̀.

"Ọjọ́ ni."

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ró. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ti fi ìró wọn tó rin gbingbin fún omi dí abẹ́ ilẹ̀kùn pinpin, wọ́n sì fi gèlè tútù bo ọmọ mọ́ àyà. Mi ò dúró wò ó. Ọ̀gá olóògùn gbé ìyá mi, èmi gbé ọmọ, a sì já síta. Nínú oòrùn ni mo tó láyà láti ká gèlè náà. Ọmọ mi wo ojú mi, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bú sẹ́kún. Mo jókòó sílẹ̀ lójú títì, mo sì bá a sunkún.

Ìyá mi kọ́kọ́ wú ikọ́ dáadáa kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn rí i pé ike ìwẹ̀ ọmọ kò sí níbi tó máa ń wà, àwọn rò pé èmi ni mo gbé e pamọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú ilé, àwọn fi ọmú tí kò ní nǹkan kan nínú sí ọmọ lẹ́nu kó má bàa ké. Wọ́n wo òpópónà náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Mo kà á dáadáa," ni wọ́n wí.

"Ẹ kà á dáadáa, Màámi. Èmi ni mi ò kà á dáadáa."

A gbé wọn padà sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà ọmọ, ó gbọ́ àyà ìyá mi, ó fún wọn ní oògùn, ó sì ní kí n mú àwọn méjèèjì padà wá ní ọjọ́ kẹta kí òun tún gbọ́ àyà wọn. Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n ń retí.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé a máa wá ní Ọjọ́bọ̀.