Ẹni Kejìlá Nídìí Kábà Onípákó

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ Háájì, èmi fúnra mi kò sì dé ilẹ̀ mímọ́ rí. Afọ̀nàhàn-má-lọ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ẹni tó bá láyà kó wá pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi, kó wá wò ó bóyá màá jẹ́.

Àgbàlá ilé kéwú la ti ń ṣe ìdánrawò, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Káfíńtà kan ló bá wa kan pákó pọ̀ bí àpótí ńlá tó ga ju èèyàn lọ. A fi aṣọ dúdú bò ó, òun ni Kábà wa. Mo fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ níbi igun tí Òkúta Dúdú yẹ kó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n á kábárà, wọ́n á jẹ́ kí Kábà wà lápá òsì wọn, wọ́n á sì yí i po lẹ́ẹ̀méje. Àgbá mẹ́ta ló dúró fún ibi tí wọ́n ti ń sọ èṣù lókò. Ìyàwó káfíńtà wà lára àwọn tó ń lọ lọ́dún yìí, ó sì máa ń ju òkúta lu àgbá bí ẹni pé àgbá ló gba ọkọ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, òkúta méje ni wọ́n ní ká jù, wọn ò ní ká jagun." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé òun mọ ẹni tí òun ń rí níbẹ̀.

Obìnrin mọ́kànlá ni mò ń kọ́. Méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Màmá mi ni ìkejìlá. Wọ́n kú nígbà tó ku ogójì ọjọ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. A wẹ̀ wọ́n, a fi káńfọ̀ sínú omi ìkẹyìn, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò ní kí ẹnì kan nínú ẹbí gba àyè wọn, gbogbo ẹbí sì fẹnu kò sí èmi. Inú mi dùn. Ẹ má bú mi, inú mi dùn lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin wọ́n ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin parí ìyíká keje, mo pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn dúró. Ẹsẹ̀ kan kò dúró. Ó ń lọ lẹ́yìn àpótí níbi tí ojú mi kò tó: pà, á sì wọ́ ìkejì nílẹ̀, ṣììì. Mo yí lọ sẹ́yìn àpótí. Kò sí ẹnì kankan. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ tó wọ bàtà.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró sórí ìlà ẹfun, mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo ka méjìlá. Mo ní orí mi ló ń dà rú. Mo tún un kà ní ìyíká tó tẹ̀ lé e, ó tún pé méjìlá. Oòrùn ṣì ń ràn, mo rí ojú gbogbo wọn kedere, àwọn mọ́kànlá mi náà ni. Ìgbà náà ni ìyàwó káfíńtà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ máa kọjá síwájú."

"Màmá wo?" ni mo bi í.

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí náà, tó ń rùn káńfọ̀." Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Kò tún bá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ títí a fi túká.

Ohun tí mo rí ní ọjọ́ kẹta ló mú kí ara mi bù máṣọ. Gbogbo wọn ló ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ọmọge tó kéré jù nínú wọn, tí kò tíì pé ogún ọdún, ń wọ́ ẹsẹ̀ bí arúgbó. Mo ní, "Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?" Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò mí. "Kò sí nǹkan tó ṣe wá, Olùkọ́."

Màmá mi ló ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyè ti kan màmá mi ṣáájú ọdún yìí. Nígbà kìíní, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní ta ni yóò bá mi gbé ọmọ, kí wọ́n jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà kejì, mo tún bímọ. Nígbà kẹta, ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, mo ní kí ẹsẹ̀ sàn ná. Wọn kò bá mi jà. "Ó dáa, ìyá mi," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì dá ìwé ìrìnnà wọn padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi tí mò ń fi ọ̀nà han ìyá oníyàá, èmi náà ni mo dínà mọ́ ìyá tèmi.

Mo lọ bá Alfa àgbà tó ni ilé kéwú. N kò sọ ti ẹsẹ̀ fún wọn. Mo kàn bi wọ́n bóyá mo lè fi Háájì tí mò ń lọ yìí ṣe ti màmá mi.

"Ṣé o ti ṣe tìẹ rí?"

"Rárá, Alfa."

"Kò ṣeé ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ṣe tara ẹ̀ kò lè bá ẹlòmíì ṣe é. Ṣe tìẹ lọ́dún yìí, kó o wá ṣe tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, pà, ṣììì, pà, ṣììì, n kò sì lè bojú wẹ̀yìn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá mi? Pé kí wọ́n tún mú sùúrù fún mi?

N kò dé ilé. Ilé Àǹtí Agbẹ̀bí ni mo yà sí. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, wọ́n ti ṣe Háájì tiwọn láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbẹ̀bí. Mo ní kí wọ́n gba àyè náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n fi ṣe ti ẹ̀gbọ́n wọn.

Àǹtí wò mí títí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà níbí, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé ó lè má kàn ẹ́ mọ́? O ò kéré mọ́ o."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Mo mọ̀, ó sì dùn mí wọra. Mo ti di àpò mi. Mo ti ń lá àlá Kábà tí kì í ṣe ti pákó. Ṣùgbọ́n n kò lè gorí àyè màmá mi lọ, kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa yí àpótí po nínú àgbàlá.

Àǹtí wá síbi ìdánrawò tó kẹ́yìn, àwọn náà bá àwọn mọ́kànlá yí àpótí po. Mo dúró sórí ìlà, mo kà wọ́n. Wọ́n pé mẹ́tàlá. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n gbéra.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti Arafa dé, Àǹtí pè mí lórí fóònù. Ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn wọn. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi gbé àníyàn, ọkàn ẹ balẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ yí Kábà po tán ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìyíká kìíní báyìí, ẹsẹ̀ òsì mi wúwo, mò ń wọ́ ọ nílẹ̀. Kò dùn mí o. Mo kàn ń wọ́ ọ. Bí mo ṣe parí ìkeje, ó fúyẹ́." Wọ́n wá ní, "Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?"

Mo ní kò sí nǹkan, kí wọ́n máa ṣe àdúà fún wa.

Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ sí ilé kéwú. Kò sí ẹnì kankan nínú àgbàlá. Mo dúró sórí ìlà ẹfun, mo gbé ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí àpótí po. Mo rọra ń rìn kí màmá mi lè bá mi. Ìyíká kìíní, ìkejì, ìkẹta, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mò ń gbọ́. Kò sí òórùn káńfọ̀. Nígbà tí mo parí ìkeje, mo dúró, mo tẹ́tí.

"Màmá?"

Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí, mo wá dúró, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó dún. Kò dún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí pákó yẹn, mo bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà ni màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójú mi.